Ẹ Má Fi Ìpíndọ́gba Oṣù Dá Ẹjọ́ Ìlà Wa

Ọ̀rọ̀ ìlà íntánẹ́ẹ̀tì tí àwa oníṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì ẹgbẹ́ jọ ń san owó rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lóṣù yìí, nítorí ó jọ pé à ń múra láti fi àwòrán tí kò sọ gbogbo òótọ́ parí ọ̀ràn tó kan àpò gbogbo wa. Àwọn kan ní ìlà náà kéré, pé bó bá ti di ọ̀sán ọjọ́ ọjà, ẹ̀rọ POS á kàn máa yí bíríbírí, oníbàárà á sì bínú lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn kan ní irọ́ ni, pé gíráàfù oṣù tí ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìlà fún wa fi ránṣẹ́ fi hàn gbangba pé a kò tíì lo ìdajì ohun tí à ń sanwó fún. Tọ̀tún-tòsì ló ń sọ òótọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Kí n tó sọ èrò ọkàn mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ya gíráàfù yìí, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé kọ̀ǹpútà kan wà níbì kan tó ń ṣọ́ ìlà wa tọ̀sán-tòru bí ọlọ́dẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Nínú ráwútà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín ìlà kiri, nọ́ńbà kan wà tó ń ka gbogbo ohun tó bá gba ibẹ̀ kọjá, bí mítà iná ti ń ka iná. (Mítà àtijọ́ ni mo ń sọ, kì í ṣe ti káàdì tó ń ka owó wálẹ̀ yìí.) Nọ́ńbà náà kàn ń gùn sókè ni, kò mọ̀ bóyá òwúrọ̀ lẹ lò ó tàbí alẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye iná tó lò lánàá, ṣe ni yóò ka mítà lánàá, yóò tún kà á lónìí, yóò wá yọ tàná kúrò nínú tòní. Ohun kan náà ni kọ̀ǹpútà tó ń kọ àkọsílẹ̀ ń ṣe. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, á béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ ráwútà, á yọ ti ìṣáájú kúrò, á fi ìṣẹ́jú-àáyá 300 pín ohun tó kù, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà 288 ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójúmọ́.

Ẹ kíyè sí nǹkan kékeré kan níbẹ̀. Báìtì ni ráwútà ń kà, bíìtì ni wọ́n fi ń ta ìlà fún wa, bíìtì 8 ló sì wà nínú báìtì kan. Ẹni tó bá ń ra ìrẹsì mọ̀ pé kóńgò kọ́ ni agolo mílíìkì. Ẹ máa béèrè èyí tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n kí ẹ tó bínú, tàbí kí inú yín tó dùn.

Ọkùnrin ará Switzerland kan, Tobias Oetiker, ló ṣe irinṣẹ́ tó sọ irú gíráàfù yìí di ohun tí tolówó-tòtòṣì ń lò káàkiri ayé. Lọ́dún 1994 ó wà ní Yunifásítì De Montfort ní ìlú Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà kan ṣoṣo tó jẹ́ kílóbíìtì 64 ni wọ́n fi ń kan ìta níbẹ̀, kọ̀ǹpútà tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló sì ń du ìlà yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́. Wọn kò lè fẹ̀ ẹ́ sí i títí ó kéré tán ọdún kan. Ó wá rò ó pé bí ìlà kò bá lè fẹ̀, ó yẹ kí àwọn tó ń jìyà rẹ̀ lè máa fojú ara wọn rí bó ṣe kún tó. Ohun tó ṣe náà ni wọ́n ń pè ní MRTG. Ó fi í sílẹ̀ fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 1995, Dave Rand sì bá a tún apá kan rẹ̀ kọ kó lè yára sí i. Nígbà tó di 1999, Oetiker mú àbúrò rẹ̀ jáde, RRDtool. Èmi ò mọ ohun tí ẹ̀yin ó pe irú ìwà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n níwájú tèmi, ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ọkùnrin náà, bí kò tilẹ̀ ní ìwé ìfowópamọ́ lọ́dọ̀ wa.

Nígbà náà, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí kéré, ó sì wọ́n. Bí èèyàn bá ń kọ nọ́ńbà ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún láìdáwọ́ dúró, lójọ́ kan ìwé á kún. Ọgbọ́n tó dá sí i ni èyí tí ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà ti ń dá láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí ẹ tà lónìí, ẹ mọ̀ ọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iye tí ẹ tà lójúmọ́ lẹ rántí. Ti èṣí, ẹ kàn mọ̀ pé ọdún náà dára tàbí kò dára ni. Bẹ́ẹ̀ ni MRTG ń ṣe. Gíráàfù ọjọ́ kan, ìṣẹ́jú márùn-ún ló fi ń ya ojú àmì kọ̀ọ̀kan. Ti ọ̀sẹ̀, ìpíndọ́gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ti oṣù, ìpíndọ́gba wákàtí méjì. Ti ọdún, ìpíndọ́gba odindi ọjọ́ kan. Bí àkọsílẹ̀ bá ti ń gbó, kọ̀ǹpútà á pò ó pọ̀, á ju wẹ́wẹ́ rẹ̀ nù, ìwé náà kò sì ní tóbi sí i láé, síbẹ̀ ọdún méjì sẹ́yìn á ṣì wà nínú rẹ̀. Ti RRDtool dà bí káàdì alájọ tí iye ojú rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: bí ojú tó gbẹ̀yìn bá ti kún, wọ́n á padà sí ojú àkọ́kọ́, wọ́n á sì kọ tuntun lé ti àtijọ́.

Ọgbọ́n ńlá ni, mi ò bú u. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ wa ń gbèrú láti ọdún dé ọdún, gíráàfù ọdún ló yẹ kó wò. Bó bá lọ kó ojú àmì ìṣẹ́jú márùn-ún fún odindi ọdún síwájú, ojú á kàn dàrú ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Sunday máa ń dákẹ́ ju Friday lọ, ti ọ̀sẹ̀ tàbí ti oṣù ló wà fún un. Ìbéèrè tí a wá ń bi ara wa lọ́tẹ̀ yìí yàtọ̀. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni pé, nígbà tí ọwọ́ oníbàárà wà lórí ẹ̀rọ, ṣé ààyè wà lórí ìlà? Gíráàfù oṣù kò lè dáhùn ìyẹn. Wọn kò ṣe é fún un.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní mẹ́gábíìtì 10 ni fífẹ̀ ìlà wa. Láàárín aago méjìlá sí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ ọjà, ìlà náà kún dẹ́múdẹ́mú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ohun tó kọjá jẹ́ 10 gééré, kò sì sí àyè fún ẹnikẹ́ni mọ́. Nínú àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú tó kù, mẹ́gábíìtì 2 péré ló ń lọ. Ẹ fi 30 sọ 10 di púpọ̀, 300. Ẹ fi 90 sọ 2 di púpọ̀, 180. Àpapọ̀ wọn 480, ẹ fi ìṣẹ́jú 120 pín in, 4 ló kù lọ́wọ́ yín. Èyí tí gíráàfù oṣù yóò yà nìyẹn: 4 nínú 10. Akọ̀wé á wò ó, á ní, “Ẹ wò ó, a kò tíì lo ìdajì.” Àwa tí a dúró nídìí POS fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn, táwọn èèyàn ń pòṣé sí wa, a ti di òpùrọ́.

Ẹ tún mú un lọ sórí gíráàfù ọdún. Ká ní lójọ́ ọjà kan, wákàtí méjì péré ni ìlà fi kún, tí wákàtí 22 yòókù, pàápàá lóru tí gbogbo wa ti ti ìsọ̀, jẹ́ mẹ́gábíìtì 1. Ẹ ṣírò rẹ̀, 1.75 ni yóò jáde. Kò tó ìdá márùn-ún ohun tí a rà! Ọjọ́ kan náà ni, ìlà kan náà, wàhálà kan náà. Bí wọ́n ṣe na àkókò sí i ni òkè náà ń di pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ọjà ọlọ́rọọrún ni tiwa. Ta ni yóò ka èrò ọjà ní gbogbo ọjọ́ oṣù, pẹ̀lú ọjọ́ tó jẹ́ pé ewúrẹ́ nìkan ló ń rìn níbẹ̀, tí yóò wá pín in dọ́gba, tí yóò sì fi iye tó bá jáde mọ bí ẹnu ọ̀nà ọjà yóò ṣe fẹ̀ tó? Ọjọ́ ọjà àkọ́kọ́ ni wọn yóò ti tẹ ara wọn pa.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ṣe kò le. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpíndọ́gba, kí wọ́n máa pa góńgó mọ́, ìyẹn iye tó ga jù lọ nínú ìṣẹ́jú márùn-ún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n pò pọ̀. Nínú àpẹẹrẹ tí mo ṣe lókè yìí, ìpíndọ́gba á sọ pé 4, góńgó á sọ pé 10, ìjà á sì parí. Ẹ̀yin tí ẹ bá rò pé nǹkan ọ̀wọ́n ni mò ń béèrè, ẹ gbọ́ ná: inú ìwé tí MRTG ń kọ, góńgó ti wà níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ó kàn jẹ́ pé kì í yà á sórí gíráàfù ọ̀sẹ̀, oṣù àti ọdún àfi bí èèyàn bá kọ ọ̀rọ̀ kan, WithPeak, sínú ìwé ètò rẹ̀. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan! Ti RRDtool ló gba àkíyèsí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń dá àkọsílẹ̀ náà sílẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti sọ fún un pé kó máa pa góńgó mọ́. Bí wọn kò bá sọ, ìpíndọ́gba nìkan ni yóò máa kó jọ. Ẹni tó bá wá béèrè góńgó oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ti pẹ́ jù. Ẹ̀bà tí a ti tẹ̀ kò ṣeé dá padà di gàrí.

Owó tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà mìíràn. Àwọn tó ń ta ìlà ńlá ní oríṣi ìdíyelé kan tí kì í ṣe pé kí o sanwó góńgó, kì í sì í ṣe pé kí o sanwó ìpíndọ́gba. Wọ́n á kó gbogbo àkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún oṣù náà jọ, 8,640 fún ọgbọ̀n ọjọ́; wọ́n á tò ó láti orí èyí tó ga jù dé èyí tó kéré jù; wọ́n á yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó wà lókè, ìyẹn 432, dànù; èyí tó bá wà lókè nínú àwọn tó kù ni wọ́n á fi gba owó. 432 yẹn jẹ́ wákàtí 36 lóṣù. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ wa: bí ọjọ́ ọjà méje bá wà nínú oṣù, tí ìlà sì kún fún wákàtí mẹ́rin lójọ́ kọ̀ọ̀kan, wákàtí 28 ni gbogbo rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wọ inú wákàtí 36 tí a kò ní sanwó fún! Ó ṣeé ṣe kí irú ìdíyelé bẹ́ẹ̀ san wá ju kí a ra ìlà tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì lọ. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí dandan. Mo ní ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́wọ́ kò lè mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè yẹ ìwé owó wò nígbà tí wọ́n bá gbé e wá. Bí ẹ bá gbìyànjú láti fi ìpíndọ́gba wákàtí méjì ṣe ìṣirò náà, iye mìíràn ni yóò jáde.

Ọ̀rọ̀ iná tún ń bẹ. Bí iná bá lọ, tí kọ̀ǹpútà tó ń kọ àkọsílẹ̀ bá kú, kí ni a ó kọ fún wákàtí yẹn? Ìwé tí kò dára á kọ òdo. Òdo kọ́ o! Òdo túmọ̀ sí pé a wò ó, a ò rí nǹkan kan. Èyí tí a kò wò, “a kò mọ̀” ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá owó lọ́dọ̀ alájọ mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa: ọjọ́ tí alájọ dé tí ẹ ní kò sí owó, àti ọjọ́ tí alájọ fúnra rẹ̀ kò wá. Bí wọ́n bá kọ méjèèjì bákan náà sínú káàdì, ìjà dé. RRDtool mọ ìyàtọ̀ yìí, ó ní ibi tó ń kọ “a kò mọ̀” sí, wọ́n sì lè sọ fún un pé bí ohun tí a kò mọ̀ bá ti ju ìdajì lọ, kó má ṣe ìpíndọ́gba rárá. Ṣùgbọ́n lórí gíráàfù, àlàfo nìyẹn yóò jẹ́, ẹni tó bá ń wò ó kíákíá á sì rò pé ọjà ló tú. Kí ẹ máa béèrè.

Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn ńlá mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d’Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì já níbì kan, ó fà bí ìgbín níbòmíràn, láti Nàìjíríà dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn báńkì pàápàá mọ̀ ọ́n lára. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, tí ẹgbẹ́ sì fẹ́ béèrè ẹ̀dínwó fún wákàtí tí a kò rí ìlà lò, ẹ̀rí wo la ó mú lọ? Àkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún, bí wọ́n ṣe sábà ń ṣètò rẹ̀, kì í pẹ́ ju ọjọ́ díẹ̀ lọ kí wọ́n tó pò ó mọ́ra. Ìgbà tí ìwé wa bá fi dé ọ́fíìsì wọn, tí wọ́n fèsì, tí a tún kọ̀wé padà, wákàtí mẹ́fà tí ìlà fi kú á ti di kòtò kékeré kan lórí gíráàfù oṣù. Tó bá di ọdún, kò sí.

Mo sì mọ̀ pé ẹnì kan á ní, ìwé tó bẹ́ẹ̀ á tóbi jù láti tọ́jú. Lọ́dún 1994, òótọ́ ni. Lóde òní ńkọ́? Àkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún fún ọdún kan jẹ́ 105,120. Ẹ fi ti wíwọlé àti ti jíjáde ṣe é, kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan gba báìtì 8. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,681,920 báìtì, kò tó mẹ́gábáìtì méjì. Ọ̀pọ̀ fọ́tò aṣọ ẹbí kan ṣoṣo tí ẹ fi fóònù yà tóbi jù ú lọ. Àwa tí a ní ká máa jẹ kó máa ṣẹ́kù, kí ló dé tí a ó fi máa ju àkọsílẹ̀ owó ara wa nù nítorí àyè tí kò tó ti fọ́tò?

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ bi mí pé, “Ṣé wọn ò ní máa rí ohun tí mo ń wò lórí fóònù mi?” Ìbéèrè gidi ni, mà. Rárá o. Nọ́ńbà tí mo ń sọ yìí kàn ń ka iye ni, kò mọ ẹni tó ni ín, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, bí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọjà tó ń ka orí àwọn tó ń wọlé láìbéèrè ohun tó wà nínú igbá wọn. Irinṣẹ́ mìíràn wà tó lè kọ ẹni tó ń bá ẹni sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìyẹn kọ́ ni mò ń béèrè, bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gbé e wọlé, kí ó kọ́kọ́ mú un wá sí ìpàdé.

Nítorí náà, kí a tó dìbò lórí bóyá ká ra ìlà mìíràn, mo ń bẹ ìgbìmọ̀ wa pé kí wọ́n kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pé kí wọ́n yọ̀ǹda kíka nọ́ńbà ráwútà fún wa, ká lè máa kọ àkọsílẹ̀ tiwa lọ́tọ̀, torí kò dára kí ẹni tó ń ta ọjà nìkan ni òṣùwọ̀n máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí àkọsílẹ̀ wa ní ìpíndọ́gba àti góńgó, kí ti ìṣẹ́jú márùn-ún sì wà nílẹ̀ fún ó kéré tán oṣù mẹ́tàlá, ká lè fi December kan wé December kejì. MRTG àti RRDtool, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ tó ti ń sùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì láti ọjọ́ yìí tó fún iṣẹ́ náà. Bátìrì àti ẹ̀rọ sólà kékeré tí kò ní jẹ́ kó kú bí iná bá lọ nìkan ni a ó náwó lé. Bí ìgbìmọ̀ bá gbà, tí a bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, àkọsílẹ̀ ọjọ́ ọjà mẹ́fà ó kéré tán á ti wà nílẹ̀ kó tó di ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.